Ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò àwọn tó fẹ̀yìn tì ní Ògbómọ̀ṣọ́: ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀

Ẹni tó béèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ń pọ̀ sí i lápá ọ̀nà Ìlọrin, tíṣà, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó fẹ̀yìn tì ló sì ń kọ́ púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, kí ló yẹ kó mọ̀? Ẹ má wulẹ̀ gbàdúrà fún wa, ẹ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Oníhóró, Ọjà Ọba: Tọkọtaya tí ọmọ ti lọ tán nílé kì í ra àpò. Kóńgò, ìdajì kóńgò àti agolo mílíìkì ni wọ́n ń rà. Ẹ gbé kóńgò yín sórí òṣùwọ̀n kẹ́ ẹ tó dá iye lé e. Bó bá gba kílò kan ààbọ̀ ìrẹsì, àpò 50kg á fún yín ní 33, díẹ̀ á sì ṣẹ́kù. Ẹni tó fi 35 ṣírò èrè ti jẹ gbèsè kó tó tú àpò. Ẹ má sì tẹ ìdí kóńgò wọlé. Tíṣà àtijọ́ lẹ̀ ń tajà fún, ojú yín ni yóò ti ṣírò rẹ̀.

Ẹ̀wà ló ń dani láàmú jù. Láti oko ni kòkòrò ti ń yé ẹyin sí i lára, nítorí náà ẹ̀wà tó mọ́ lónìí lè lu ihò lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ sá a, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ ṣà á, kẹ́ ẹ wá rọ ọ́ sínú àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ṣe fún ẹ̀wà. Ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ so ọ̀rá inú, ẹ so èkejì, kẹ́ ẹ tó so àpò ìta. Àìrí afẹ́fẹ́ mí ló ń pa kòkòrò náà. Ẹni tó ń tú àpò yìí lójoojúmọ́ ti ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ bu èyí tẹ́ ẹ máa tà lọ́sẹ̀ kan sínú kẹ́ẹ̀gì ọ̀tọ̀. Sniper kọ́ o! Oògùn apakòkòrò kì í ṣe ohun tí à ń da sórí oúnjẹ, NAFDAC pàápàá ti fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ ní 2019.

Ẹlẹ́lùbọ́: Mo fara mọ́ ọn. Fún èlùbọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣẹ́ gbódó wò. Bó bá dún kà, ó gbẹ. Bó bá tẹ̀, omi ṣì wà nínú rẹ̀, yóò bu. Tẹ́ ẹ bá lọ̀ ọ́ tán, ẹ tẹ́ ẹ sórí àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ títí yóò fi tutù. Èyí tí wọ́n dì sí ọ̀rá ní gbígbóná á làágùn, á dì gbagidi, òórùn kíkan á sì máa jáde lára rẹ̀. Láfún, ibòmíràn ni kẹ́ ẹ gbé e sí, nítorí òórùn.

Atún-fíríìsà-ṣe, Sábó: Bí iná bá lọ tó tún dé, ẹ yọ pílọ́ọ̀gì fíríìsà fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Gáàsì inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rọlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú un tutù, á máa jà láti yí, á gbóná, á jó. Ẹ fi owó ìwé há ẹnu ìdérí, kẹ́ ẹ fà á. Bó bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà ti kú. Fíríìsà tó kún tí ẹnikẹ́ni ò ṣí lè mú òtútù dúró fún bíi wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì, 24. Ẹ fi ìgò omi dí àlàfo. Ẹja tó bá ti yọ́ tán, ẹ tà á lọ́jọ́ náà, ẹ má dá a padà.

Bíríkìlà: Gbogbo yín gbàgbé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí orúnkún ń dùn ò ní gun àtẹ̀gùn gíga wá ra mágí. Ẹ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: sẹ̀ǹtímítà kan gíga, 12 gígùn, ibi tó ga tó 15 á gba 180. Táìlì dídán ò dáa. Kànkéré ni, kẹ́ ẹ fi ìgbálẹ̀ fa ojú rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù. Bẹ́ǹṣì, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 45.

Oníkẹ́míìsì: Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ọjà yín, kì í tilẹ̀ ṣe ti kẹ́míìsì kékeré. Ẹ júwe ọ̀dọ̀ apoògùn fún wọn. Iyọ̀ ọjọ́ kan fún àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 5 lọ, bíi ṣíbí tíì kan, ti inú mágí sì wà níbẹ̀.

Oníhóró, Ọjà Ọba: Àwìn ńkọ́? Owó ìfẹ̀yìntì ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba àpapọ̀ kì í wọlé lọ́jọ́ kan náà, ẹ béèrè èyí tí oníbàárà ń gbà. Ìwé méjì ni kẹ́ ẹ kọ, ọ̀kan lọ́wọ́ yín, ọ̀kan lọ́wọ́ oníbàárà. Bí ọmọ bá ti Èkó dé láti san gbèsè bàbá rẹ̀, ìwé ọwọ́ bàbá ló máa gbà gbọ́.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Píọ̀ wọ́tà ńkọ́?

Oníhóró, Ọjà Ọba: Àpò kan jẹ́ 20, lítà 10, kílò 10. Kò sí ìyá àgbà tó máa rù ú. Ẹ wá ọmọ tó ní bárò tó máa gbé e délé, kẹ́ ẹ sì to ó síbi tí oòrùn ò dé, kí ọ̀rá má baà yí adùn omi padà.