Wọ́n ní kí n wá mú ọmọ mi nílé ìwé, kò sì jáde nínú yàrá mọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àkọ́bí: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, mi ò fojú ba oorun láti àná. Àkọ́bí mi wà ní SS1, bọ́ọ̀dìn ló ń gbé. Owó táàmù yìí, mo kó àjọ, mo tún yá lọ́wọ́ àbúrò mi kó tó pé. Kò sóhun tí mi ò dì fún un: gaàrí, mílíìkì, kúlíkúlí, ata díndín. Mọ́ńdè ni wọ́n pè mí pé kí n wá mú un. Nígbà tí mo dé, àpótí rẹ̀ ti wà lẹ́nu géètì bíi ti ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n lé. Sálúbàtà ẹsẹ̀ kan ni mo bá níbẹ̀, mi ò rí ìkejì dòní.

Kò jẹun. Ògiri ló kọjú sí. Bí fóònù bá dún, ara rẹ̀ á gbọ̀n. Ìyà tí àwọn ọmọ ń fi jẹ ara wọn ní bọ́ọ̀dìn yìí ti sú mi. Bàbá rẹ̀ ní kí n fi í sílẹ̀, pé bọ́ọ̀dìn ló sọ òun dọkùnrin. Ṣé wọ́n lè dá owó mi padà?

Bàbá Ìbejì: Ẹ mú un kúrò níbẹ̀ kíá! Ní 1987, síńíọ̀ kan máa ń ní kí n dúró tì bẹ́ẹ̀dì òun, kí n máa fi páálí fẹ́ òun títí oorun á fi gbé e lọ. Ó ti di ọ̀gá ní báńkì báyìí. Bí mo bá rí i lóde àríyá, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Mo ti lé láàádọ́ta ọdún o.

Omidan Èkó: Ẹ mú un kúrò, màmá.

Tíṣà Àgbà: Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń kọ́ni. Ilé ìwé kì í ṣàdédé dá ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ padà sílé láàárín táàmù. Kí ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà?

Ìyá Àkọ́bí: Gírámà lásán ni. Mo ti san owó PTA o, ẹ jẹ́ n sọ ìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Àdúkẹ́: Ọmọ tí kò jẹun, tó ń gbọ̀n, ẹ jẹ́ kí dókítà rí i. Ní UCH n'Íbàdàn, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju ọ̀rọ̀ ọpọlọ àti ìrònú ọmọdé àti ọ̀dọ́ lọ.

Alhaja: Kí ló kan ọpọlọ? Ẹ fẹ́ kí wọ́n máa pe ọmọ ọlọ́mọ ní wèrè? Àdúrà ni.

Nọ́ọ̀sì Àdúkẹ́: Alhaja, ta ló pe ẹnikẹ́ni ní wèrè? Bí ibà bá ṣe yín, ṣé ẹ kì í gba abẹ́rẹ́ kẹ́ ẹ tún gbàdúrà?

Bàbá Ìbejì: Ẹ pe ilé ìwé yẹn lẹ́jọ́! UNESCO sọ ní 2019 pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀kan nínú mẹ́ta àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lágbàáyé tí ẹgbẹ́ wọn fìyà jẹ láàárín oṣù kan.

Tíṣà Àgbà: Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ò gbà kí wọ́n ṣe ọmọ léṣe, ì báà jẹ́ lára tàbí lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ìyá wa ò tíì dá mi lóhùn. Lẹ́tà ńkọ́?

Ìyá Àkọ́bí: Ó dáa. Wọ́n ní ó ya fídíò. Ọmọ JSS2 kan ló ń tọ̀ọ́lé. Wọ́n ní kó gbé fóòmù rẹ̀ rù yí pápá ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ẹlòmíì ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, tèmi kàn di fóònù mú ni. Fídíò ti wà lórí WhatsApp. Ọmọ yẹn ò lọ kíláàsì mọ́, wọ́n ló sọ pé ó sàn kóun kú.

Omidan Èkó: Háà! Wọ́n gba fóònù láyè níbẹ̀ ni?

Ìyá Àkọ́bí: Inú gaàrí ni mo dì í sí. Mo kàn fẹ́ máa gbóhùn rẹ̀ ni.

Alhaja: Subhanallah. Ẹ̀yin lẹ tún ń bèèrè owó?

Bàbá Ìbejì: Èmi ti ń bínú sí ilé ìwé látàárọ̀!

Nọ́ọ̀sì Àdúkẹ́: Títọ̀ọ́lé kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó máa ń wà nínú ìdílé, ìbẹ̀rù sì lè dá a padà sára ọmọ tó ti fi í sílẹ̀. Dókítà ń tọ́jú ẹ̀. Èyí tó ń sọ̀rọ̀ ikú yẹn, wọn ò gbọdọ̀ fi òun nìkan sílẹ̀ rárá.

Ìyá Àkọ́bí: Ẹ máa bú mi. Òun náà tọ̀ọ́lé títí dé JSS2. Òun ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún nígbà náà. Ó pè mí, ó ń sunkún. Èmi ni mo sọ fún un pé bí wọ́n bá ti ń rẹ́rìn-ín, kó bá wọn rín in, wọ́n á fi í sílẹ̀. Wọ́n sì fi í sílẹ̀ lóòótọ́.

Tíṣà Àgbà: Màmá, ẹ jókòó tì í lálẹ́ òní. Ẹ má tíì bá a wí. Ẹ ní kó pa fídíò yẹn rẹ́, kó dárúkọ gbogbo ẹni tó fi ránṣẹ́ sí, kí àwọn náà pa á rẹ́. Ṣé ẹ ti bá ìyá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀?

Ìyá Àkọ́bí: Mo gba nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ mátíròọ̀nù. Mo ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo ń gé e kó tó dún.

Nọ́ọ̀sì Àdúkẹ́: Ẹ jẹ́ kó dún.

Dádì Tóbi: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Òkè nìkan ni mo kà. Ẹ má gbà fún wọn, màmá, mo mọ lọ́yà kan tó lè gba gbogbo owó yẹn padà fún yín.