Inú ń run ẹṣin mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó gbé e lọ sílé ìwòsàn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹṣin. Inú ti ń run abo ẹṣin mi látàárọ̀. Ó ń fẹsẹ̀ walẹ̀, ó ń bojú wo ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, kò fẹnu kan koríko, kò sì yàgbẹ́. Dókítà ẹran ti ki rọ́bà gba imú rẹ̀ dé inú ikùn, torí pé ẹṣin ò lè bì, ó sì gún un lábẹ́rẹ́ ìrora. Ara rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀, àmọ́ ìrora náà ti tún dé. Ọkàn rẹ̀ ń lù tó ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ ti ẹṣin tára rẹ̀ dá kì í sábà kọjá 44.

Dókítà ní ká máa gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó lè gba iṣẹ́ abẹ. A máa lọ. Ọkọ mi ti ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ báyìí. Àwọn kan ní kí n tún fún un ní oògùn ìrora ká tó gbéra. Èmi ò fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láìbi dókítà, torí ó lè bo àmì àìsàn náà mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí irú èyí rí, kí lẹ bi dókítà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé iṣẹ́ abẹ? Tó bá sì fẹ́ dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀ ńkọ́?