"I wrote" àti "I was writing": ibo ni ìyàtọ̀ wà?

Akọ̀wéÒru: Ẹ kú iṣẹ́ o. "I wrote a letter last night" àti "I was writing a letter last night". Àná ni méjèèjì, lẹ́tà kan náà ni. Kí ló wá yà wọ́n?

BàbáGírámà: Àkọ́kọ́ ti parí: ẹ kọ ọ́, ó tán. Ìkejì kò sọ pé ó parí. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ yín ni, ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè fi "but I fell asleep" tì í lẹ́yìn. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú "I wrote a letter", ẹ ó rí i pé ẹ sùn lẹ́yìn tí ẹ kọ ọ́ tán ni.

Ó tún hàn ju bẹ́ẹ̀ lọ bí nǹkan méjì bá pàdé. "When the phone rang, I was writing": ẹ ti ń kọ ọ́ kí fóònù tó dún. "When the phone rang, I wrote": fóònù ló kọ́kọ́ dún, ẹ wá mú kálàmù, bí ẹni pé òun ló rán yín níṣẹ́!

"Ń" tiwa kò bìkítà bóyá àná ni tàbí òní. Àwọn onígírámà Yorùbá kò ṣàdédé pe àsìkò wa ní afànámónìí. Ibẹ̀ ni "I am writing when the phone rang" ti ń jáde lẹ́nu wa. "-ing" kò mọ àná. "Was" àti "were" ló mọ̀ ọ́n.

Aláròjinlẹ̀: Ẹ fi kún un pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń gba "was ...-ing" yìí. "I was knowing him" kò tọ̀nà nínú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ́ wa níléèwé. "Know", "believe", "own": ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, "I knew him".

Akọ̀wéÒru: Ẹ ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n "I was wondering if you could help me" ńkọ́? Ìsinsìnyí ni ẹni yẹn ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́, kì í ṣe àná.

BàbáGírámà: Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ọ̀wọ̀ ni. Ó sún ẹ̀bẹ̀ náà sẹ́yìn díẹ̀ kó má baà dà bí àṣẹ, kí ẹni tí à ń bẹ̀ lè ráyè kọ̀. Bí ẹ bá ń kọ̀wé sí ọ̀gá, òun ni kí ẹ lò. Sí ọ̀rẹ́, "can you help me?" ti tó.