Bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà: ẹ kó ìrírí yín wá

Ará Houston

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Àwọn èèyàn wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà ń béèrè lemọ́lemọ́ pé ibo làwọn ti lè wo bọ́ọ̀lù, kí ló dé tí aago kò bára mu, kí ló dé tí ohùn ẹni tó ń sọ eré níhìn-ín kò dùn létí bíi ti ilé. Ìrírí la fẹ́ níbí, àmọ́ èyí tó ṣeé mú lò: bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ohun tó máa ń bàjẹ́, àti ìdí tó fi ń bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkànnì.

Kò sí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ni bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà. Premier League wà lọ́wọ́ NBC láti sáà 2013–14, gbogbo eré 380 ló sì ń gbé jáde. Ó ń pín wọn sáàárín NBC gan-an, USA Network àti Peacock tó jẹ́ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Champions League wà lọ́wọ́ CBS láti 2020, orí Paramount+, ìyẹn ibi tó ti ń gbé eré jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni èyí tó pọ̀ jù ń lọ. MLS, ìyẹn líìgì Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, wà lọ́dọ̀ Apple láti 2023; àdéhùn ọdún 10 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, àmọ́ wọ́n gé e kúrú ní 2025. Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn ọkùnrin bọ́ sọ́wọ́ Fox ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láti 2018, ó sì bọ́ sọ́wọ́ Telemundo ní èdè Spanish lọ́dún kan náà. Torí náà, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ pinnu ìdíje tẹ́ ẹ ń tẹ̀ lé. Ẹni tó jẹ́ Premier League nìkan ló ń wò kò ní ohun tó fẹ́ fi Paramount+ ṣe. Mélòó kan nínú wa ń san owó ibi mẹ́rin lóṣù, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń ṣí.

Ohun kan wà tó yẹ kí ará London fi jowú wa. Eré aago 3 ọ̀sán Sátidé kì í jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní England, torí òfin kan ló ti ojú ẹ̀ pa láti aago 2:45 sí 5:15, kí àwọn èèyàn lè máa lọ sí pápá. Níhìn-ín, gbogbo rẹ̀ lẹ máa rí.

Ìyá Ìbejì, Maryland

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ fi ti aago kún un, torí ibẹ̀ lèèyàn púpọ̀ ti ń pàdánù abala àkọ́kọ́.

Ní Sátidé, eré máa ń bẹ̀rẹ̀ ní England ní aago 12:30, 3:00 àti 5:30. Ní New York àti Maryland, ìyẹn jẹ́ 7:30 òwúrọ̀, 10:00 àti 12:30. Ẹ yọ wákàtí kan fún Chicago àti Houston, ẹ yọ mẹ́ta fún Los Angeles, níbi tí eré àkọ́kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ ní 4:30 ìdájí.

Ìgbà méjì lọ́dún ni ìṣirò yìí ń já èèyàn kulẹ̀. Amẹ́ríkà máa ń sún aago síwájú ní Sọ́ńdè kejì oṣù March, Britain sì ń dúró di Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta yẹn, wákàtí mẹ́rin ló wà láàárín New York àti London dípò márùn-ún, nítorí náà eré 7:30 di 8:30, ti 10:00 di 11:00. Ní ìgbà ìwọ́wé, Britain ló ń kọ́kọ́ dá tirẹ̀ padà, Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn October, Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ November. Ọ̀sẹ̀ kan péré nìyẹn, wákàtí mẹ́rin náà ló sì máa wà láàárín wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pe àwọn ará ilé láti jọ wò, ẹ rántí pé aago Nàìjíríà kì í yí. Nígbà tí Amẹ́ríkà wà ní aago ẹ̀ẹ̀rùn, wákàtí márùn-ún ni Èkó fi ṣíwájú New York. Nígbà òtútù ó di mẹ́fà.

Ohun mìíràn: ẹgbẹ́ tó ni pápá ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ nínú bọ́ọ̀lù tiwa. Nínú eré ìdárayá Amẹ́ríkà, àlejò ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ. Bí fóònù yín bá kọ ọ́ bíi ti Amẹ́ríkà, ẹ lè rò pé ilé wọn lẹgbẹ́ yín ti ń gbá nígbà tó jẹ́ pé wọ́n rìnrìn àjò.

Oní-antẹ́nà, Newark

Ẹ má fojú kéré antẹ́nà. NBC, CBS, Fox, Telemundo àti Univision ń jáde lófẹ̀ẹ́ láti inú afẹ́fẹ́ ní àwọn ìlú ńlá. USA Network, FS1 àti ESPN kò sí níbẹ̀, owó ni tiwọn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é: ẹ ra antẹ́nà pẹlẹbẹ inú ilé, ẹ gbé e ga sójú fèrèsé tó kọjú síbi tí òpó ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wà. Àjọ FCC, tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, ní máàpù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ àdírẹ́sì yín síbẹ̀, á fi ìhà tí òpó kọ̀ọ̀kan wà hàn yín. Ẹ fi ọwọ́ yí wáyà rẹ̀ mọ́ ihò tí wọ́n kọ ANT IN sí lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Settings, ẹ yan Antenna tàbí Air, kẹ́ ẹ sì ní kó wá ìkànnì fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó parí, ó lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn yan Cable dípò Air. Tẹlifíṣọ̀n á wá a tì, á ní òun ò rí nǹkan kan, olówó á sì sọ pé antẹ́nà ti bàjẹ́. Èkejì ni ẹ̀rọ kékeré tó ń fi kún agbára ìgbì (amplifier), tí wọ́n máa ń so mọ́ antẹ́nà: bẹ́ ẹ bá sún mọ́ òpó, ṣe ló máa da àwòrán rú, ẹ yọ ọ́. Ẹ̀kẹta ni nẹ́ẹ̀tì onírin ojú fèrèsé. Irin ń dí ìgbì lọ́wọ́. Bẹ́ ẹ bá sì ti sún antẹ́nà kúrò níbi tó wà, ẹ tún ìkànnì wá, kí ìkànnì tí kò wọlé níbi àtijọ́ lè wọlé.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni ìdádúró. Àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gé sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń kó jọ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ó sì lè fi ìṣẹ́jú àáyá 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà lẹ́yìn ti antẹ́nà. Aládùúgbò á ti pariwo "góòlù!" nígbà tí agbábọ́ọ̀lù yín ṣì ń to bọ́ọ̀lù fún pẹnáritì. Ẹni tó bá ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, kó pa ìkéde góòlù orí fóònù rẹ̀, kó sì fi WhatsApp sílẹ̀ títí eré á fi tán.

Bàbá Atlanta

Ọ̀rọ̀ ìpolówó la ò tíì fọwọ́ kàn, òun sì ni gbòǹgbò. Tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ń jẹun lórí ìdádúró: baseball ń dúró, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá ń dúró, ìpolówó á wọlé. Tiwa ń sáré ìṣẹ́jú 45 láìdúró. Ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1990, ìkànnì TNT gbé ìpolówó wọ àárín eré, inú àwọn òǹwòran ò dùn. Ní 1994, nígbà tí ìdíje náà wá sí Amẹ́ríkà, ABC àti ESPN kò já eré mọ́; wọ́n gbé àmì onígbọ̀wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ aago àti àmì ayò lójú tẹlifíṣọ̀n. Ọdún náà ni Ràṣídì Yẹkínì gba góòlù àkọ́kọ́ Nàìjíríà nínú ìdíje náà sáwọ̀n, ní Cotton Bowl, Dallas, 21 June, tó di nẹ́ẹ̀tì mú tó ń sunkún.

MLS náà gbìyànjú láti ṣe bọ́ọ̀lù bíi ti Amẹ́ríkà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1996. Aago ń kà sẹ́yìn bọ̀ sí òdo, bí eré bá sì parí sí ọ̀mì, agbábọ́ọ̀lù á sáré láti yáàdì 35 lọ bá aṣọ́lé, ìṣẹ́jú àáyá 5 ló ní. Wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn sáà 1999. Ó dùn mọ́ mi pé wọ́n fi í sílẹ̀.

Fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2026, FIFA fi ìsinmi omi mímu ìṣẹ́jú 3 sí abala kọ̀ọ̀kan, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 22, bí oòrùn mú bí kò mú. Àyè tí àwọn olùpolówó ti ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn.

Ará Chicago

Bàbá, ẹ kú làákàyè. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ló fa ti ohùn.

Ẹni tó ń sọ eré lórí rédíò gbọ́dọ̀ sọ gbogbo ẹ̀, torí olùgbọ́ ò rí nǹkan kan. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ojú ń rí i. Orúkọ ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó, nígbà míì ìdákẹ́jẹ́ ló yẹ. Ẹni tó bá ti inú baseball wá ti mọ́ra láti fi ìtàn àti ìṣirò dí àlàfo. Bó bá gbé àṣà yẹn wọ bọ́ọ̀lù, àárín ìtàn ni góòlù á ti bá a. Ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2006, ESPN fi Dave O'Brien, ọmọ baseball, ṣe ohùn àgbà, àríwísí sì pọ̀. Ní 2010 wọ́n kó Martin Tyler, Ian Darke, Adrian Healey àti Derek Rae, àwọn ọmọ Britain, sórí iṣẹ́ náà. Ohùn Darke ló wà lórí góòlù tí Landon Donovan ti Amẹ́ríkà gbá sáwọ̀n Algeria ní ìṣẹ́jú 91, 23 June. Fox tún gbé Gus Johnson, tó ti inú eré ìdárayá Amẹ́ríkà wá, sórí bọ́ọ̀lù tiwa ní 2013, tó fi sọ àṣekágbá Champions League ní Wembley. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 2014. NBC ní tirẹ̀ mú àwọn ọmọ England: Arlo White ní 2013, Peter Drury ní 2022.

Ẹni tí èdè Gẹ̀ẹ́sì wọn ò bá wọ̀ létí, kó yí i sí Telemundo. Andrés Cantor wà níbẹ̀, "gooool" rẹ̀ tí àwọn tí kò gbọ́ Spanish pàápàá ti mọ̀ láti 1994.

Ará Houston

Ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá kọ́mẹ́ńtétọ̀ wà ní pápá?

Ará Chicago

Ẹ tẹ́tí sí pàṣípààrọ̀. Ẹni tó wà ní pápá á ti rí agbábọ́ọ̀lù tó ń bọ́ aṣọ òtútù, á dárúkọ rẹ̀ kí kámẹ́rà tó yí sí i. Ẹni tó jókòó sí sítúdíò ń dúró de àwòrán bíi tiyín. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, á ní ká dúró ná, ká tún un wò. Ní 2018, Los Angeles ni púpọ̀ nínú àwọn kọ́mẹ́ńtétọ̀ Fox jókòó sí nígbà tí eré ń lọ ní Russia. Àwòrán ò yàtọ̀, torí orísun kan náà ni gbogbo ayé ti ń gbà á. Ohùn ló yàtọ̀.

Ìyá Ìbejì, Maryland

Ibi tó ń dùn mí jù ni orúkọ àwọn ọmọ wa. Folarin Balogun, tí wọ́n bí ní Brooklyn, ń gbá bọ́ọ̀lù fún Amẹ́ríkà láti 2023. Ademola Lookman gba góòlù mẹ́ta sáwọ̀n Leverkusen ní àṣekágbá Europa League 2024. Wọ́n á máa pe "gun" inú Balogun bíi "gun" èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹni pé ìbọn ló wà nínú orúkọ náà, olórí ogun ló sì jẹ́. Ẹni tó mọṣẹ́ á béèrè lọ́wọ́ agbábọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, àwọn tó ń béèrè sì wà.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ má wulẹ̀ fi àmì ohùn ránṣẹ́, wọn ò ní mọ̀ ọ́n kà. Ẹ fi dò re mí kọ ọ́, wọ́n mọ ìyẹn láti inú orin. Ba-ló-gun: re mí re. Fọ-lá-rìn: re mí dò. A-dé-mọ́-lá: re mí mí mí. Bù-ká-yọ̀, ti Bukayo Saka: dò mí dò, ẹ sì sọ fún wọn pé "ká" ni, kì í ṣe "kai". Kẹ́ ẹ wá fi fóònù gba ohùn yín sílẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 5 fún orúkọ kan, lẹ́ẹ̀mejì, kíákíá lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú eré, nígbà tí wọ́n ṣì ń múra.