Ọkọ mi san ìtanràn ọtí tán, níbo la ti máa rí ìtọ́jú l'Abuja?

Ìyá Démi, Kubwa: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mammy Market ni bàbá àwọn ọmọ mi ti ń bọ̀ tí Road Safety fi dá wọn dúró. Wọ́n fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Kóòtù alágbèéká gba ìtanràn, ó parí. Kò parí lọ́dọ̀ tèmi. Títí di òní, ọ̀rá ọtí ń bẹ lábẹ́ àga mọ́tò, ọwọ́ wọn sì ń gbọ̀n láràárọ̀ kí wọ́n tó mu ún. Mo fẹ́ tì wọ́n mọ́lé lópin ọ̀sẹ̀ yìí kí wọ́n jáwọ́ pátápátá. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Alágbo Lugbe: Ẹ bu àgúnmu sínú ọtí náà láìsọ fún wọn. Wọ́n á bì í, wọ́n á sì kórìíra rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada: Háà! Ẹ má bu nǹkan kan sínú ife wọn, ẹ má sì tì wọ́n mọ́lé. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn ló bà mí lẹ́rù. Ọtí ti mọ́ wọn lára. Bó bá dá lójijì, gìrì lè mú wọn, wọ́n lè máa rí ohun tí kò sí, ó sì lè gba ẹ̀mí. Dókítà ló ń fi oògùn àti fítámì B1 gbà á lára èèyàn. Ìbéèrè 10 kan wà tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ṣe láti fi yẹ bí èèyàn ṣe ń mu ọtí wò, AUDIT là ń pè é. Máàkì 40 ni gbogbo rẹ̀. Bó bá ti tó 8, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀. (Ẹ jókòó tì wọ́n o, torí "ìgò kan péré" ni gbogbo wọn máa ń mu!) Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì níbí.

Adé Gwarinpa: Ní Ontario ní Kánádà tí mo gbé, ìtanràn nìkan ò tó. Ètò kan tó ń jẹ́ Back on Track ni wọ́n ń fi ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi pé ó mutí wa mọ́tò sí: wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, kó tó lọ sí kíláàsì wákàtí 8 tàbí ti ìtọ́jú oníwákàtí 16, wọ́n á sì tún pè é lẹ́yìn oṣù 6. Owó ara rẹ̀ ló ń san.

Ìyá Démi, Kubwa: Ẹ ṣeun. Wọ́n láwọn kì í ṣe wèrè, àwọn ò lọ ẹ̀ka ọpọlọ kankan.

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada: Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ní GOPD, ẹ̀ka ìtọ́jú gbogbogbòò, níbi tí tolórí tẹlẹ́mù ń lọ. Kí wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ wọn wò, ẹ sì sọ ti ọwọ́ yẹn fún dókítà níṣojú wọn. Kí ẹlòmíì wa mọ́tò. Bí gìrì bá mú wọn kí ẹ tó wá, ẹ má wá káàdì kiri, ẹ gba ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì wọlé.