Suzuki A100 bàbá mi ti gan: písítìn wo ni kí n rà?

Àkànní_Ìkòròdú:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó náwó sódì. Bàbá mi ní Suzuki A100 kan tó ti pẹ́ gan-an, òun ni wọ́n fi ń lọ sóko ní Ìmọ̀ta nígbà tí mo wà ní pírámárì, èmi máa ń jókòó sórí táǹkì níwájú wọn. Wọ́n ti kú báyìí, nínú gbogbo ẹrù wọn máṣíìnì yẹn nìkan ni mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má tà.

Lọ́dún tó kọjá mo tún un ṣe díẹ̀, ó ṣiṣẹ́ bí oṣù mẹ́ta, àfi ọjọ́ kan tí mò ń bọ̀ láti Ìgbógbó tí táyà ẹ̀yìn kàn dì lójijì, ó ń wọ́ mi lọ lórí títì kí n tó rántí di kílọ́ọ̀ṣì mú. Mẹkáníìkì tú u. Ara písítìn ti yọ́ lápá ibi tí èéfín ń gbà jáde, ríìngì kan ti lẹ̀ mọ́ ojú ibi tó wà, tí mo bá sì fi èékánná wọ́ inú sìlíńdà, ó ń kọ́ mi ní èékánná.

Onísípíà pátì wá gbé mẹ́ta kalẹ̀ fún mi. Ọ̀kan jẹ́ ojúlówó àtijọ́ tí páálí ẹ̀ ti pọ́n, STD ni wọ́n kọ sí i, ìyẹn ìwọ̀n àkọ́kọ́ tó bá máṣíìnì wá. Èkejì tuntun ni, 0.50 ló wà lórí ẹ̀, ìyẹn ni pé ó fi ìdajì milimítà fẹ̀ ju STD lọ. Ẹ̀kẹta ti Suzuki AX100 ni, máṣíìnì mìíràn, òun ló pọ́ọ́kú jù, mẹkáníìkì sì ní 50 milimítà náà ni, pé kí n rà á ká tì í wọlé lọ́la. Ọkàn mi ò gbà á. Èwo ni kí n mú?

Ọ̀gá_Sìlíńdà:
Àbúrò, o kú ìtọ́jú ohun bàbá. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere.

Ti AX100 yẹn, dá a padà. Òótọ́ ni pé ẹnu sìlíńdà A100 jẹ́ 50 milimítà, ti AX100 náà 50 ni, ti Yamaha RX100 náà 50 ni, 98cc sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. A100 ń mí látẹ̀gbẹ́, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí kabúrétọ̀ ẹ̀ fi fara pamọ́ sínú kọ́fà apá ọ̀tún, àwo pẹrẹsẹ kan tó ń bá kíránkì yí ló ń ṣí i tó ń tì í. Reed valve, ewé pẹlẹbẹ tí afẹ́fẹ́ fúnra ẹ̀ ń tì ṣí, ni AX100 àti RX100 ń lò ní tiwọn. Nínú tù-sítíròòkù, písítìn fúnra ẹ̀ ni ilẹ̀kùn, òun ló ń ṣí ihò tó ń tì í bó ṣe ń lọ sókè sódò, torí náà bí wọ́n ṣe gé apá ìsàlẹ̀ ẹ̀ tó dà bíi yẹ̀rì yẹn ṣe pàtàkì ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Gbé ti AX100 náà àti èyí tó yọ́ síra wọn kí o wò ó. Wo ihò píìnì, ṣé ó fẹ̀ bákan náà? Wá wọn láti àárín ihò píìnì dé orí písítìn. Tí tuntun bá ga jù, ó lè lọ gbá họ́ọ̀dù. Tí ó bá kúrú, gbogbo ihò á máa ṣí lásìkò tí kò yẹ, o ò sì ní mọ ohun tó ń mú máṣíìnì rẹ sùn lórí òkè.

STD ńkọ́? Ó dáa lóòótọ́, mo fẹ́ràn irú ọjà àtijọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n sìlíńdà tó ń kọ́ èékánná kò gba STD mọ́. Rà á pamọ́ tówó bá wà.

0.50 ni ká bá lọ, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gbé sìlíńdà lọ kí wọ́n wọ̀n ọ́n lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, kí wọ́n rí i pé 0.50 á pa gbogbo ojú ọgbẹ́ yẹn rẹ́, torí tí kò bá pa á rẹ́, 1.00 lo máa wá. Lẹ́yìn náà RA PÍSÍTÌN ṢÁÁJÚ KÍ WỌ́N TÓ FÁ SÌLÍŃDÀ. Fífá ni pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ mú inú ẹ̀ fẹ̀ sí i. Má jẹ́ kí wọ́n fá a sílẹ̀ dè é. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, wọ́n bá mi fá a sí 50.50 géérégé, písítìn dé, a wọ̀n ọ́n, ó kéré sí ohun tí wọ́n kọ sí i lórí, nígbà tí mo tẹ kíkì ńṣe ló ń dún bí ìdérí ìkòkò. Owó sìlíńdà lọ, owó písítìn lọ. Onílèédì, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fá irin, gbọ́dọ̀ fi maikiromítà wọn yẹ̀rì písítìn rẹ gan-an, kì í ṣe apá ibi tí píìnì gbà, apá kejì tó dojú kọ iwájú àti ẹ̀yìn, kó wá fi àlàfo bíi 0.04 milimítà sí i. Kò tó fọ́nrán irun kan. Èyí tí wọ́n dà sínú mó̩ò̩dù ni mò ń sọ o, tí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ lù pọ̀, ó máa ń wú ju bẹ́ẹ̀ lọ tó bá gbóná, àlàfo ẹ̀ á pọ̀ sí i.

Ọmọ_Àgbádárìgì:
Ẹ̀gbọ́n, mo gba tiyín, ṣùgbọ́n kí ló dé tí kò kúkú wá odindi sìlíńdà tòkunbọ̀ pẹ̀lú písítìn inú ẹ̀? Bí mo ṣe ṣe tèmi nìyẹn, ó ti lo ọdún méjì.

Ọ̀gá_Sìlíńdà:
Ó ṣeé ṣe, àbúrò, tó bá rí èyí tí wọ́n jẹ́ kó wọ̀n níṣojú ẹ̀. Àwọn tòkunbọ̀ tí mo ń rí báyìí, wọ́n ti fá òmíràn dé 1.00, kò sí ibi tí yóò tún fá lọ mọ́ àfi kó fi páìpù irin tuntun (sílíìfù) sí i nínú. Sìlíńdà bàbá ẹ̀ tí kò tíì fọwọ́ kàn rí yẹn lówó lórí jù ú lọ lójú mi.

Ẹlẹ́ńjìnnì_Ẹ̀pẹ́:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo kí yín. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi lèmi ń ṣe létí ọ̀sà níbí, Yamaha 40 oní-tù-sítíròòkù ló pọ̀ lọ́wọ́ wa, ìjàm̀bá kan náà ni.

Àkànní, ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi ọ́ ni pé kí ló pa písítìn àkọ́kọ́? Tí o ò bá mọ̀ ọ́n, ohun kan náà ló máa pa tuntun. Wo ọ̀nà ọ́ìlì. A100 ní pọ́ǹpù tó ń fa ọ́ìlì fúnra ẹ̀, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti yọ ọ́ dànù kí wọ́n tó ta máṣíìnì fún ẹlòmíràn, ẹni tó ń gùn ún á máa da bẹntiróòlù gbẹ sí táǹkì, á rò pé pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́. Wo ọ́ìlì sììlì kíránkì náà, pàápàá ti apá mágínẹ́ẹ̀tì. Rọ́bà tó ti gbó máa ń le bí èèpo àgbọn, afẹ́fẹ́ á máa gba ibẹ̀ wọlé, bẹntiróòlù á dín, ooru á pọ̀, ibi èéfín ló sì máa ń kọ́kọ́ yọ́, bí tìrẹ ṣe yọ́ yẹn.

Tí wọ́n bá fá sìlíńdà tán, fi ọwọ́ rẹ tọ́ etí àwọn ihò inú ẹ̀ wò. Tó bá mú bí abẹ, sọ pé kí wọ́n fi fáìlì pa ẹnu ẹ̀ díẹ̀, tí bẹ́ẹ̀ kọ́ ríìngì á ha níbẹ̀. Ọfà orí písítìn gbọ́dọ̀ dojú kọ ibi tí èéfín ń gbà jáde. Àwọn èèkàn kékeré tó wà nínú ojú ríìngì, àwọn ni kì í jẹ́ kí ẹnu ríìngì yí dé iwájú ihò, tí o bá yí písítìn sódì ẹnu ríìngì á bọ́ sínú ihò, á ṣẹ́. Kílíìpù píìnì, tuntun ni kí o lò, má dá ti àtijọ́ padà láéláé.

Àkànní_Ìkòròdú:
Ẹ̀yin ọ̀gá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, mo ní kí n wá jábọ̀. Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀pẹ́, Ọlọ́run á bù kún yín! Wọ́n ti já rọ́bà pọ́ǹpù ọ́ìlì, wọ́n fi bóòtù dí ẹnu ẹ̀, mi ò mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. Sììlì apá mágínẹ́ẹ̀tì, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó fọ́ wẹ́wẹ́. Mo pààrọ̀ méjèèjì, mo tún pọ́ǹpù so padà, ṣùgbọ́n mo ṣì ń po ọ́ìlì 2T mọ́ bẹntiróòlù fúngbà díẹ̀, 40 mílílítà sí lítà kan, títí ọkàn mi á fi balẹ̀ lórí pọ́ǹpù yẹn.

0.50 pa ọgbẹ́ náà rẹ́. Mo dúró ti onílèédì ní Sábó títí ó fi wọn písítìn lójú mi kó tó fá a. Mo ti ríìngì wọ inú sìlíńdà, mo fi orí písítìn tì í kó lè tẹ́jú, fílà géèjì (irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo) 0.25 wọ ẹnu ríìngì náà ṣinṣin.

Àná ní ìrọ̀lẹ́ mo tẹ kíkì lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún ló gbà. Màmá mi jáde láti kíṣìnnì pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò sọ nǹkan kan.

Ọ̀gá_Sìlíńdà:
Ẹ kú oríire. Má tíì gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn o, má sì fa gáàsì dé ìdajì fún 500 kìlómítà àkọ́kọ́. Tí o bá ti gùn ún bí 50 kìlómítà, yọ púlọ́ọ̀gì kí o ya fọ́tò ẹ̀ sí ibí ká bá ọ wo àwọ̀ ẹ̀.