Ìdánwò àbí àyẹ̀wò? Lórí páálí irinṣẹ́ oníṣègùn

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa dá lábàá lánàá, pé iṣẹ́ àwọn tó ń wò ó bóyá irinṣẹ́ oníṣègùn á gúnlẹ̀ láìbàjẹ́, ká máa pè é ní "àyẹ̀wò àlòpẹ́ páálí", ó dùn lẹ́nu o, àmọ́ ẹ máà bínú ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun nìyẹn níbí ní Minnesota, kò sì sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó bá a mu bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí páálí. Ẹ wo mọ́ínmọ́ín: ewé ló kan mọ́ínmọ́ín, agbọ̀n ló gbé ewé. Agbọ̀n lè wó, tí ewé ò bá ti ya, a ó jẹun. Àpò Tyvek (ike tó rí bíi bébà) tàbí ọ̀rá tí wọ́n fi pọ́n síríńjì, òun ni ewé, páálí ni agbọ̀n, ISO 11607, ìlànà àgbáyé lórí dídi irinṣẹ́ oníṣègùn, pàápàá yà wọ́n sọ́tọ̀, torí ewé ni kì í jẹ́ kí kòkòrò àrùn wọlé. Mo ní ká pe ti inú ní "ìpọ́n", látinú pípọ́n mọ́ínmọ́ín. Ẹnìkan á ní ó jọ ìpọ́njú. Kó jọ ọ́, ojú ẹ̀ ń rí ìpọ́njú lóòótọ́. (Ó ṣáà sàn ju ti ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé kan tí wọ́n ní kí n yẹ̀ wò pé "síríńjì tó yàgàn", nígbà tó fẹ́ sọ pé kò ní kòkòrò. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.)

Àlòpẹ́ ńkọ́? Bàtà là ń lò pẹ́, ìkòkò là ń lò pẹ́. Síríńjì, ẹ̀ẹ̀kan péré, ó dilẹ̀. Pípẹ́ náà sì ní ìdánwò tiẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n á tì í mọ́ yàrá gbígbóná, 55°C sábà ni, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 níbẹ̀ á dúró fún ọdún 1 lórí sẹ́ẹ̀fù. Ìyẹn ò kan ìrìn ọ̀nà. Ti ọ̀nà, ìfaradà ni.

Ibi tó wá dùn mọ́ mi jù ni "àyẹ̀wò" yẹn, torí nǹkan méjì là ń ṣe. Àkọ́kọ́, ìyà. Bí ASTM D4169, ìlànà lórí dídán ẹrù wò, ṣe là á sílẹ̀, wọ́n á ju páálí náà lulẹ̀, á fi igun balẹ̀, á fi etí balẹ̀, á fi ikùn balẹ̀, wọ́n á gbé ẹrù lé e lórí, wọ́n á tún gbé e sórí tábìlì tó ń gbọ̀n bíi mọ́tò tó wọ kòtò tí ò jáde mọ́. Ìdánwò nìyẹn, ká má purọ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà la tó ṣí i tá a wá ń yẹ̀ ẹ́ wò: a ó ta aró búlúù sínú ìpọ́n, ká jẹ́ kó kan etí ibi tí wọ́n fi iná lẹ̀, ká sì tètè wò ó kí aró tó fà sínú Tyvek fúnra ẹ̀, tí àlàfo bá wà níbẹ̀ aró á gbabẹ̀ yọ tín-ín-rín bí òwú. Tàbí ká fẹ́ atẹ́gùn sí i ká rì í bọ omi, gẹ́lẹ́ bí fọkanáísà ṣe ń ri túùbù bọ omi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, páálí kan jáde lórí tábìlì, ó ń dán, kò rún rárá, gbogbo wa ti ń kí ara wa kú oríire. A rì ìpọ́n bọ omi, omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ojú kan ṣoṣo. Igun tíréè tí irinṣẹ́ wà nínú ẹ̀ ti gún ọ̀rá látinú, ihò ẹ̀ ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Tó bá jẹ́ páálí là ń yẹ̀ wò, ṣebí ó ti yege.

Èmi á ní "ìdánwò ìfaradà ọ̀nà" fún jíjù àti gbígbọ̀n, "àyẹ̀wò jíjò" fún ti aró àti omi.

Ó ku ojú ibi tí wọ́n fi iná lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní "èdìdì", àmọ́ tí mo bá ti gbọ́ èdìdì, Ìwé Ìfihàn ló ń wá sí mi lọ́kàn. Àwọn tó ń ṣe píọ̀ wọ́tà ń lẹ ọ̀rá lójoojúmọ́, wọ́n á lórúkọ tí wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin tẹ́ẹ wà n'Íbàdàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n.